Àdúà fún Ẹni Orí Omi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù bí ẹni ń pe èèyàn ní òdìkejì odò. Wọ́n á gbé e sún mọ́ ẹnu, wọ́n á pariwo, torí pé Amẹ́ríkà jìnnà. Mo ti sọ ọ́ títí pé, "Alhája, ẹ rọra, fóònù ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn." Wọn ò gbà.

"Ìwọ ṣáà di bọ́tìnnì yẹn mú," ni wọ́n á wí, "kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀."

Àwa méjèèjì la jọ ń gbé inú fúláàtì káńsù, ilé ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn Rye Lane, ní Peckham ní London níbí. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n, ni èmi bá di akọ̀wé wọn, èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń to lẹ́tà pọ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé ọ̀hún ò le. Mo di bọ́tìnnì mú, wọ́n sọ̀rọ̀, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ lọ. Àmì kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Tó bá dé ọwọ́ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, àmì á di méjì.

Ọmọ wọn ọkùnrin, òun nìkan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé, Houston ló ń gbé. Gbogbo Jímọ̀, tó bá ti ti mọ́sáláṣí dé, á pè.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Ikọ́ yẹn ńkọ́?"

"Kò sí ikọ́ mọ́, Màmá."

"Irọ́ ni. Mò ń gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń bá ara wọn jà, tí inú àwọn méjèèjì á sì máa dùn.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà kú. Ibi iṣẹ́ ló wà tí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n gbé e lọ sí ọsíbítù, kò padà wálé. Wọ́n sin ín sọ́hùn-ún ní ìlànà wa, láìfi falẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pe ọmọ mi ọkùnrin. Ọmọ mi wá sílé, ó kí Alhája, ó ní kí n jẹ́ ká jọ lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣu àti ìgbín ló ti sọ fún mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo dá a padà sínú páálí, mo tún un tò dáadáa, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ mi lè ṣe. Ẹni tó ń ta ẹja ń wò wá. Mi ò sunkún níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsíbítù dé nígbà náà. Ọkàn wọn ló ń dà wọ́n láàmú, ó ń sáré, ó ń dúró. Àwọn ọmọ ẹbí ṣèpàdé lórí fóònù, ti Èkó, ti Amẹ́ríkà, ti ìhín, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Alhája títí ara wọn yóò fi le.

Ọmọ mi ló wá bá mi sọ ọ́ nínú kíṣìnì, ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀. "Mummy, ẹ sọ fún wọn pé ó ti lọ ṣiṣẹ́ lórí omi, níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Kò sí network níbẹ̀."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè.

"Orí omi? Ọmọ tí ò mọ̀ ọ́n wẹ̀!"

"Wọ́n ní wọ́n máa ń fún wọn ní ẹ̀wù tó ń léfòó, Alhája."

"Ẹ̀wù." Wọ́n pòṣé. "Mú tẹ̀sùbáà mi wá."

Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìrun tí wọ́n bá kí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n á gbọ́wọ́ sókè: "Ọlọ́run Ọba, Ìwọ lo ni ilẹ̀, Ìwọ lo ni omi. Mú un gúnlẹ̀ láyọ̀." Bó ṣe rí nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tó bá jókòó ti ẹni tó ń tọrọ ni yóò ṣe àmín. Àmín ọ̀hún kì í jáde lẹ́nu mi. Wọ́n sì ṣàkíyèsí.

"O ò ṣe àmín."

"Mo ṣe é nínú, Alhája."

"Inú? Ṣé Ọlọ́run nìkan lo fẹ́ kó gbọ́ ni? Èmi náà fẹ́ gbọ́."

Nǹkan tí mo mọ̀ nípa ìlú wa ni pé a kì í sáré gbé ìròyìn òkú lé èèyàn lórí. Ẹni tó wà ní ìdálẹ̀, a ó ní kó máa bọ̀, pé ara bàbá kò yá díẹ̀. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, a ó jẹ́ kó jẹun tán. Àánú ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kó jẹun tán, a kì í bu oúnjẹ mìíràn lé e títí ayé. Iléyá kọjá, a sì ń bu oúnjẹ. Lójoojúmọ́ ni mò ń di bọ́tìnnì mú. "Ọmọ mi, omi yẹn ò tutù jù? Ikọ́ ńkọ́? Má dúró létí ibi gíga." Ọ̀rọ̀ á lọ, àmì kan á yọ. Ìkejì kì í yọ.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, èyí tí ọmọ mi ọkùnrin yìí bí, ń kàwé ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní New Cross. Èmi ni ó ń pè ní Màmá Peckham, torí ó ní ìyá àgbà mìíràn ní Ìbàdàn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka lẹ́tà àtijọ́ fún àwa àgbàlagbà ní láíbìrì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ti ń pè mí tipẹ́.

"Màmá Peckham, ẹ wá now. Please. Tíì wà, bísíkíìtì wà."

"Bísíkíìtì wo?"

"Èyí tó ní chocolate lórí."

"Mò ń bọ̀."

Mo fi Alhája sọ́dọ̀ obìnrin tó máa ń wá tọ́jú wọn, mo wọ kóòtù, mo lọ. Àwa àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ọkùnrin òyìnbó kan wà tó ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì wíwa. Ìyá Jàmáíkà kan náà wà tí a máa ń pàdé ní ọjà Brixton, níbi tí àwa méjèèjì ti máa ń fi ọwọ́ tẹ iṣu wò kí a tó rà á.

Lẹ́tà ìdílé kan ni wọ́n kà lọ́jọ́ náà. Ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ṣe ṣàlàyé. Ìyá ń gbé etí odò London níbí, kò jìnnà sí wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti sọdá òkun lọ sí Jàmáíkà, ó ń ṣe akọ̀wé fún àwọn oníṣòwò ní èbúté. Ohun tí ìyá kan máa ń sọ náà ni ìyá yìí ń sọ. Ó ní òun fi ẹ̀wù ránṣẹ́ sí i, kó má jẹ́ kí alágbàfọ̀ lù wọ́n mọ́ òkúta. Ó ní adìẹ aládùúgbò ti ba ọgbà òun jẹ́. Ó ní, "Ikọ́ rẹ ńkọ́?"

Mo gbé ife tíì sílẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe lẹ́tà nígbà náà. Kò sí àpò lẹ́tà. Wọ́n á ká ìwé náà fúnra rẹ̀, wọ́n á kán nǹkan bí àbẹ́là yíyọ́ sí etí rẹ̀, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn kó dì. Kápítènì ọkọ̀ ni wọ́n ń fún. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi í sínú ọkọ̀ méjì, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá rì, èkejì á dé. Èyí wù mí. Obìnrin tó mọ nǹkan ṣe ni ìyá yẹn.

"Pupa ni èdìdì lẹ́tà gbogbo ọjọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìròyìn ikú, èdìdì dúdú ni wọ́n máa ń fi dì í."

"Kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ kó tó já a?" ni mo bi í.

"Yes, Màmá. Kó lè jókòó kọ́kọ́."

Èyí náà wù mí.

Ibà ló pa ọmọkùnrin náà. Lẹ́tà tó ní èdìdì dúdú sì dé sí London lóòótọ́. Àmọ́ ara ìyá kò yá nígbà tó dé, ni ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin bá gba lẹ́tà náà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi í pamọ́. Kó gbádùn ná, ó ní. Ìyá gbádùn. Ó dìde, ó mú kálámù, ó ń kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ lọ. Lẹ́tà yẹn ń gun ọkọ̀, ó ń dé èbúté, kò rí ẹni gbà á, ó sì ń padà bọ̀. Wọ́n fi àwòrán ọ̀kan hàn wá lára ògiri. Ìwé tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, èdìdì pupa rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ digbí. Wọ́n ní títí dòní ẹnikẹ́ni ò tíì já a.

Ọkùnrin òyìnbó awabọ́ọ̀sì ní, "Ká ní wọ́n sọ fún un, ì bá má ba ìwé jẹ́." Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Fóònù mi wà nínú báàgì lórí ẹsẹ̀ mi, ó dà bíi pé ó wúwo.

Ìgbà náà ni ìyá Jàmáíkà fọhùn. Ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ tó ń gbé lẹ́tà wọ̀nyẹn, kí ló kó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Jàmáíkà?" Ó nawọ́ sí mi nígbà tó ní "ìyá yìí."

Ọmọ ọmọ mi dáhùn. "Èèyàn ni, Aunty. Ọkọ̀ mìíràn kó èèyàn. Nígbà mìíràn ó jẹ́ ọkọ̀ kan náà."

"Mo mọ̀. Ẹnì kan wà nínú wọn tó jẹ́ ìyá ìyá ìyá mi lọ́hùn-ún. Ó ní ìyá tirẹ̀. Ta ló kọ lẹ́tà sí ìyá yẹn?"

"Kò sí, Aunty. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́."

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife jọ, ó sì tún fi wọ́n sílẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ padà sílé, mo jókòó sísàlẹ̀, mo ń ronú ìyá yẹn tí ẹnikẹ́ni ò kọ lẹ́tà sí. Níbì kan nílẹ̀ wa, ọmọ rẹ̀ lọ sí odò kò sì padà. Ó bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, oúnjẹ tutù. Ọjọ́ di oṣù. Àdúà wo ló gbà? Ṣé ti ẹni tó wà láàyè, pé kí ọ̀nà là fún un kó padà wá ni, àbí ti ẹni tó ti lọ, pé kí ilẹ̀ tẹ́ ẹ? Kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un. Bóyá ó gba méjèèjì pọ̀. Bóyá ó kú láìmọ èyí tí ì bá gbà.

Mo ṣílẹ̀kùn. Àlàásárì ti wọlé; ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga tí wọ́n fi ń kírun, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, ọwọ́ wọn wà lókè. "Ìwọ lo ni omi. Mú un gúnlẹ̀ láyọ̀."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Obìnrin ti àtijọ́ yẹn, kò mọ̀ torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Tiwa yìí, àwa la mọ̀. Àwa la gba ìròyìn lẹ́nu ọ̀nà. Òkú kò sì lè tọrọ nǹkan fún ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ àwọn tó kù ló ń dúró dè. Àdúà tí kò sẹ́lòmíì tó lè gba irú rẹ̀ fún un, àdúà ìyá rẹ̀, ojú omi la ń darí rẹ̀ sí, níbi tí ọmọ náà kò dé rí.

Nígbà tí ọmọ mi wá lópin ọ̀sẹ̀, mo ní kó jókòó.

"Mo fẹ́ sọ fún Alhája."

"Mummy, ẹ má dán an wò! Tí nǹkan bá ṣe wọ́n ńkọ́?"

"Mo ti pe sọ́jìrì, ọ́fíìsì dókítà wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí n rí i pé wọ́n lo oògùn wọn, kí wọ́n má dá wà, kí n pe áńbúláǹsì bí èémí wọn bá yí padà. Gbogbo rẹ̀ ni mo lè ṣe."

"Ẹbí ti pinnu, Mummy."

"Ta ni àgbà nínú ẹbí náà?"

Ó wo ilẹ̀. "Alhája ni."

"Nígbà tí ẹ ń ṣèpàdé, ta ló pè wọ́n?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó di nǹkan mìíràn. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Òun àti olóògbé, ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, inú ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà. "Èmi náà ò tíì sunkún rẹ̀," ló wí. "Ibo ni mo ti fẹ́ sun ún? Tí mo bá wá síbí, mo gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Nílé, àwọn ọmọ ń wò mí."

Mo jẹ́ kó fi áńkáṣífì nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà a jọ ṣètò rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é nílé. A kì í túfọ̀ lórí fóònù. A kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá lálẹ́, a kì í túfọ̀ rẹ̀ fún un tí ebi bá ń pa á, ẹnì kan ṣoṣo kì í sì í dá a ṣe.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo po ògì, mo gbé mọ́ínmọ́ín tì í. Ẹ̀gbọ́n mi jẹun, wọ́n ní iyọ̀ ò tó. Wọ́n lo oògùn. Mo bá wọn so gèlè. Agogo ẹnu ọ̀nà dún, mo lọ ṣí i. Àáfà wa ló wọlé, ó bọ́ bàtà. Àwọn ìyá méjì láti ẹgbẹ́ àṣálátù wa tẹ̀ lé e, àwọn náà bọ́ bàtà. Ọmọ mi ló wá kẹ́yìn, kò lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀wù ìbílẹ̀ ló wọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò pariwo kí wa bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ò ríran jìnnà, àmọ́ etí wọn ṣì pé. Wọ́n gbọ́ bí bàtà ti ń bọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n yí orí padà sí ẹnu ọ̀nà. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti mọ irú àlejò tó dé. Àwa náà ní èdìdì dúdú tiwa.

"Ẹ jókòó," ni wọ́n wí. "Ta ni ẹ wá túfọ̀ rẹ̀ fún mi?"

Ìyá kan jókòó sọ́tùn-ún wọn, èkejì sósì. Àáfà ní, "Alhája, Ẹni tó ni nǹkan ló gba nǹkan Rẹ̀."

"Ẹni orí omi ni?"

"Kò sí lórí omi, Alhája. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà."

Wọ́n ní, "Ínnà lilláhi wa ínnà ilẹ́hi ráàjíúnà." Ohùn wọn ò gbọ̀n. Ọwọ́ wọn tó máa ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí itan wọn. Mo ń wo àyà wọn bó ti ń lọ sókè sódò.

Wọ́n bi wá pé, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Àwọn ará mọ́sáláṣí wọn ni, Màmá," ni ọmọ mi dáhùn.

"Ṣé èrò pọ̀ níbi ìrun rẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀. Wọ́n dé ìta."

"Ìgbà wo ni?"

Ó sọ fún wọn. Wọ́n yí orí sí ọ̀dọ̀ mi. Mi ò yẹ ojú.

"Gbogbo ìgbà yẹn ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú un gúnlẹ̀," ni wọ́n wí. "Ó ti gúnlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí ọmọ mi máa dúró de àdúà mi." Wọn ò pariwo.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ sínú fóònù ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, Alhája. Wọn ò dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni."

"Má pa wọ́n rẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú."

Ọmọ mi fẹ́ sọ pé ìyàwó olóògbé fi fọ́tò ibojì ránṣẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè kó tó parí rẹ̀. "Òbí kì í rí ojú oórì ọmọ. Omi ńlá yẹn wà láàárín wa, ó dára bẹ́ẹ̀." Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti sá wọ kíṣìnì, a sì gbọ́ ọ. Géńdé ọkùnrin tó ń sunkún hùù!

Ẹ̀gbọ́n mi na ọrùn. "Ìwọ tó wà ní kíṣìnì, wá sun ún níbí. Ibí ni ilé ẹkún."

Ó wá. Ó gbé orí lé wọn lórí ẹsẹ̀, wọ́n sì ń fọwọ́ pa á lórí títí àáfà fi parí àdúà. Àwọn ìyá náà wà lọ́dọ̀ wa títí di ọ̀sán. Wọ́n ń sọ irú ọmọ tó jẹ́, àní wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà kan nítorí ẹjọ́ ikọ́ yẹn.

Nígbà tí Àlàásárì tó, mo bu omi fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ṣe àlùwàlá, mo gbé àga wọn sí ọ̀gangan ibi tí a ń kọjú sí. Mo padà sí kíṣìnì lọ fọ abọ́ ògì. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n kírun tán. Mo gbọ́ bí wọ́n ti dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó dé oríta.

"Ọlọ́run Ọba, fi orí jì í. Fẹ ibojì rẹ̀ lójú fún un. Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀."

Mo pa omi ẹ̀rọ kí wọ́n lè gbọ́ mi. Mo ṣe àmín, mo sì ṣe é sókè.